"Aláìlówáyà" kò tíì tó orúkọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ lórí "aláìlówáyà", tí ọ̀gá wa láti Yábàá dábàá fún gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sórí fóònù, àti "òpó ìbánisọ̀rọ̀" tí ìyá wa ní Sùúrùlérè fẹ́ kí á máa pe ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ lọ wo ìdí másìtì èyíkéyìí ní Ìkẹjà. Wáyà iná ń bẹ níbẹ̀, ti jẹnẹrétọ̀ ń bẹ, òmíràn gun òkè lọ bá áńténà. Láti áńténà sí ọwọ́ ẹni nìkan ni wáyà ò sí. Àwọn tó sọ rédíò ní "ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́" ò wo ohun tí kò sí, ọ̀nà tí ohùn ń gbà ni wọ́n wò. Afẹ́fẹ́ ti wà nínú èdè wa fún iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, kí la tún ń wá kiri?

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé àwọn kan ń lo "aláìlówáyà" bí ẹni pé òun àti "alágbèéká" dọ́gba. Ẹni tó gbé Èkó ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé 2001, tí GSM, ètò fóònù alágbèéká, wọlé, á rántí fóònù orí tábìlì ti CDMA, ètò aláìlówáyà mìíràn. Ó rí bíi ti NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba nígbà náà, gẹ́lẹ́, àfi áńténà kékeré tó yọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní wáyà tẹlifóònù, síbẹ̀ ojú kan ló ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ará àdúgbò ń wá sanwó pè níbẹ̀. Aláìlówáyà ni, ta ló ń gbé e ká?

Ní ti "òpó", irin lásán ni. Ní Marina àti Broad Street, ẹ gbójú sókè: orí òrùlé ilé gíga ni wọ́n so àwọn áńténà kan mọ́. Òpó dà níbẹ̀? Ìyá wa ní kò di dandan kí orúkọ péye kó tó mú, pé a ṣì ń "pe ara wa láago" láìsí aago kankan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aráàlú ló mú ìyẹn. Mi ò tíì gbọ́ "òpó" yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni lọ́jà fóònù Otigba ní Ìkẹjà; másìtì ni wọ́n ń pè é.

"Ibùdó àtagbà" ni mo fẹ́ kí á máa pe ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá. Ẹ wọ danfo ní Adéníjí, kí ẹ gba afárá Third Mainland lọ sí Oworoǹṣòkí, kí ẹ máa bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ. Bí fóònù GSM bá wà lórí ìpè, bí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń ròyìn fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ibùdó tó ń lò àti àwọn tó yí i ká ṣe lágbára tó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń pinnu ìgbà tí yóò gba ìpè náà lọ́wọ́ ibùdó kan fún èkejì, bí àwọn lébìrà ṣe ń ju búlọ́ọ̀kù síra wọn. Àtagbà nìyẹn; ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò ní fura.

Ibi tó ti dùn rè é o. GPRS, tí a fi kọ́kọ́ ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń kọjá láti ibùdó kan sí òmíràn, fóònù fúnra rẹ̀ ló ń yan èyí tí yóò lò. Á já, á tún so padà, ohun tí ẹ ń ṣí á sì dúró gbagidi. Ìdí nìyẹn tí ìpè fi ń lọ geere lórí afárá tí ojú ewé ò sì ní ṣí. "Ìpààrọ̀ ibùdó" ni ká pe ìyẹn, kì í ṣe àtagbà. Nígbà tí 3G, ìran nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó tẹ̀ lé e, dé, dátà náà wá di ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ta látagbà.

Ní ti Wi-Fi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Interbrand, tó ń fi ṣíṣẹ̀dá orúkọ ọjà ṣiṣẹ́ jẹ, ló ṣe é jáde ní 1999, kò sì ní ìtumọ̀ kankan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.