Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń kọ́ afárá tó ń gbéra sókè láyé ìsinyìí?

Abíọ́nà:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wo fídíò afárá tuntun tí wọ́n kọ́ sí Lowestoft, ìlú etí òkun kan lápá ìlà-oòrùn England, Gull Wing ni wọ́n sọ ọ́, September 2024 ni wọ́n ṣí i fún mọ́tò, owó tí wọ́n ná lé e lórí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 145 pọ́n-ùn. Ó rẹwà gan-an. Àmọ́ tí ọkọ̀ ojú omi ńlá bá ń bọ̀, ṣe ni títì á dìde sókè, gbogbo mọ́tò á dúró. Ṣé wọn ò lè kọ́ ọ kó ga débi tí ọkọ̀ á fi máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá ni? Áńbúláǹsì tó gbé aláìsàn ńkọ́? Ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lọ́yẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Kọ́lá Ẹnjinníà:
Ilẹ̀ ni wàhálà ẹ̀, kì í ṣe irin. Tírélà ò lè gun ibi tó dà jù, ká sọ pé tó bá rin mítà 100, kó fi mítà 5 gòkè. Tó o bá wá fẹ́ kí títì ga tó mítà 30 lókè omi, wàá nílò mítà 600 lápá ibí, mítà 600 lápá ọ̀hún, ìyẹn kí mọ́tò tó débi omi rárá. Láàárín ìlú tí ilé ti kún etí omi, ilé ta lo fẹ́ wó? Ọ̀nà rélùwéè tún wà lápá àríwá níbẹ̀ tí afárá yẹn gbọ́dọ̀ fò kọjá.

Ibi tí wọ́n ti lo ọgbọ́n ni pé wọ́n jẹ́ kó fi nǹkan bíi mítà 12 ga ju omi lọ tó bá wà ní pípadé, ọkọ̀ kéékèèké ń gba abẹ́ ẹ̀ lọ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Afárá àtijọ́ tó ń gbéra nílùú náà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1972 lẹ́nu òkun, rẹlẹ̀ jù ú lọ dáadáa. Tí ìyẹn bá gbéra, títí dé Oulton Broad lèèyàn máa rìn kó tó rí ibòmíì gbà, torí omi Lake Lothing ló la ìlú náà sí méjì. Ní báyìí tí ọ̀kan bá wà lókè, áńbúláǹsì á gba èkejì.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, bọ̀dá Kọ́lá. Ẹnjíìnì wo ló ń gbé gbogbo irin yẹn? Iná mànàmáná tó ń jẹ á pọ̀ o.

Kọ́lá Ẹnjinníà:
Kò pọ̀ tó bẹ́ ẹ ṣe rò, mà. Irú àwọn afárá bẹ́ẹ̀, ẹrù ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi sí ìdí ẹ̀ tó máa bá apá iwájú dọ́gba, bíi pákó táwọn ọmọdé ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tí wọ́n fi ń gbé ara wọn sókè, tí wọ́n bá ti dọ́gba agbára díẹ̀ ló kù. Ẹ wo Tower Bridge ní London, láti 1894 ló ti wà, apá kọ̀ọ̀kan ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan tọ́ọ̀nù, èéfín omi gbígbóná ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí i padà sí iná mànàmáná tó ń fún ọ́ìlì pọ̀ kó lè ti irin ní àwọn ọdún 1970. Ti Lowestoft, háídírọ́líìkì, ìyẹn agbára ọ́ìlì tí wọ́n fún pọ̀ nínú páìpù, ló ń tì í láti ìsàlẹ̀, òun náà á wá máa yí sẹ́yìn bó ṣe ń lọ sókè.

Wọn kì í sì í kàn dédé gbé e. Iná pupa á kọ́kọ́ tàn, ọ̀pá ìdábùú á sọ̀kalẹ̀, ẹni tó ń darí ẹ̀ á wo kámẹ́rà bóyá ẹnì kankan ṣì wà lórí ẹ̀, ìgbà yẹn ni irin tí wọ́n fi ti ẹnu ẹ̀ pa tó máa fà yọ. Tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ò bá pé, kò gbọ́dọ̀ gbéra.

Bọ́dè Wẹ́dà:
Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ló dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ti irin kún un torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ooru! Irin tó gùn ní mítà 40, tí ooru bá fi dígírì 30 lé sí i, ó máa fi bíi mìlímítà 14 gùn sí i. Ẹ wo àlàfo tó wà lẹ́nu afárá tó ń ṣí, tí wọn ò bá ṣírò ẹ̀ dáadáa á há. July 2024 ni Third Avenue Bridge ní New York há sílẹ̀ tí ò lè padé mọ́ nítorí ooru, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń wọ́n omi sí i lára kó lè tutù. Èyí tó ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn o, àmọ́ ọ̀rọ̀ irin ò yàtọ̀.

Abíọ́nà:
Ó ti wá yé mi wàyí, ọpẹ́ pọ̀. Ṣé òun nìkan ni wọ́n kọ́ lágbègbè yẹn?

Bọ́dè Wẹ́dà:
Rárá o, Great Yarmouth tí ò jìnnà síbẹ̀ náà ní tiẹ̀, Herring Bridge, February 2024 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, apá méjì ló ní. Ibi iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n ti rí bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì ní February 2023, ó bú gbàù níbi táwọn ṣọ́jà ti ń gbìyànjú láti pa á lẹ́nu mọ́, àmọ́ kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Tó bá jẹ́ ìlú rẹ ni wọ́n fẹ́ kọ́ irú ẹ̀ sí, bi wọ́n léèrè owó ìtọ́jú kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, ta ló máa máa san án, ta ló máa máa fi gírísì sí i, ta ló máa pààrọ̀ ọ́ìlì.