Níbo ló yẹ ká jókòó sí wo eré máìlì?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀fà ni mò ń gbé. Wọ́n ní àwọn ògbólógbòó sárésáré máa sá eré máìlì kan ní pápá ìṣeré Ìlọrin lọ́jọ́ Sátidé, mo sì fẹ́ mú ọmọbìnrin mi lọ wò ó. Òun náà ń sáré nílé ìwé. Orúkọ Faith Kipyegon ará Kẹ́ńyà, tó sá máìlì ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 7.64 lọ́dún 2023, kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé mítà 1,609 ni máìlì, ìyípo mẹ́rin àti díẹ̀ lé lórí pápá. Ìyípo kẹta ni ìṣòro ọmọ mi, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa ń wúwo, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wẹ̀yìn. Mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é níbẹ̀.

Ṣé ẹ̀gbẹ́ ìlà ìparí ló dáa ká jókòó sí, àbí ibi kọ́nà tó kẹ́yìn? Ṣé ó bójú mu kí n lọ kí kóòṣì kan lẹ́yìn eré, kí n fọ̀rọ̀ ọmọ mi lọ̀ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí, ẹ dá mi lóhùn.