Bàtà wo ni mo lè fi gbé irin, kí n sì tún fi sáré?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, lẹ́bàá Under G. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ gbé irin ní jíìmù, tí mo bá ṣe tán, màá sáré bíi kìlómítà 3 kí n tó wálé.

Bàtà ìsáré kan ṣoṣo ni mo ní. Tí mo bá ń fi sáré, ó rọ ẹsẹ̀ mi lọ́rùn bíi tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé irin 80 kílò lé èjìká, tí mo fẹ́ lóṣòó, fóòmù ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rì wọlé, gìgísẹ̀ mi á máa mì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúnkún ọ̀tún mi yẹ̀ sínú, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú tirin-tirin. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọ̀rẹ́ mi yá mi ní bàtà Converse rẹ̀, torí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó sì le. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ mi dúró gbọn-in lábẹ́ irin. Àmọ́ nígbà tí mo fi sáré lórí títì ọlọ́dà, ojúgun ro mí fún ọjọ́ méjì. Bàtà agbérin gidi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga, ìyẹn ò ṣeé fi sáré rárá.

Ṣé bàtà kan wà tí kò rọ̀ jù, tí kò sì le jù? Àbí kí n kúkú ra méjì? ₦40,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Mo lè ra tòkúnbọ̀ ní Tákìé, ṣùgbọ́n tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù wọn, òmíràn ti gan bí igi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ irú ẹ̀ rí, kí lẹ rà?