Báwo ni Raspberry Pi ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ fi Raspberry Pi 4, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré kan, kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa, torí owó láptọ́ọ̀pù ti kọjá agbára wa. Ohun tó yé mi rèé: orí pátákó kan ṣoṣo, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì ATM lọ, ni ọpọlọ rẹ̀, mẹ́mórì rẹ̀ àti ihò USB rẹ̀ wà. Inú káàdì microSD, káàdì kékeré tó ń tọ́jú nǹkan pa mọ́, ni Linux, ètò tó ń darí rẹ̀, máa ń wà. Iná 5V ló ń jẹ, èyí sì dùn mọ́ mi púpọ̀ níbi tí iná kì í ti í dúró.

Àmọ́ bí iná bá lọ lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan sínú káàdì, ṣé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lè bàjẹ́? Kí lẹ fi ń dènà rẹ̀? Kò tún ní bátìrì tó ń bá a ka aago. Kí la máa ṣe níbi tí kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì tó lè ti mọ aago?

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni àwọn irin tín-ín-rín 40 tó wà létí rẹ̀. Mo mọ̀ pé 3.3V ni àwọn tó ń gba àṣẹ ń lò, pé 5V lè jó wọn. Báwo wá ni mo ṣe lè fi wọ́n tan fáànù kékeré? Ṣé rílèè (swíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tó sì ń pa) ni mo nílò, àbí transistor (ẹ̀yà kékeré tí iná díẹ̀ fi ń darí iná tó pọ̀ jù ú lọ) tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọmọ yẹn máa bi mí ní ìdí.