Kí ni ìdí tí a fi ń dorí ìdá kodò?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, mo kí yín. Kubwa, l'Ábújá, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ìṣirò. Wọ́n mọ̀ pé bí a bá fẹ́ fi ìdá pín ìdá, a ó dorí èyí tí a fi ń pín kodò, a ó sì sọ ọ́ di púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìdí rẹ̀, èyí sì ń dùn mí gan-an. Nígbà tí a bu gàrí múdù 3 sí ìdá mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n rí i fúnra wọn pé 3 ÷ 1/4 jẹ́ 12. Ṣùgbọ́n 3/4 ÷ 2/3, tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 9/8, ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, àwòrán tàbí ohun àfojúrí wo ni mo lè fi ṣàlàyé rẹ̀ kí n tó dárúkọ òfin kankan?