Íńkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kì í jáde bákan náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àrẹ̀mú Atẹ̀wé:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ti sú mi pátápátá. Bí mo bá tan ẹ̀rọ náà láàárọ̀, àwọ̀ dúdú àti búlúù á máa já, ìlà funfun tín-ín-rín á sì gba àárín àwòrán kọjá. Tó bá wá di ọ̀sán, íńkì kan náà á máa ya jáde, á máa kán sórí bébà, etí lẹ́tà á sì fẹ̀ bí ẹni pé omi dà sí i. Oníbàárà kan dá iṣẹ́ padà sí mi lójú gbogbo ènìyàn, ó ní aláìbìkítà ni mí, bẹ́ẹ̀ mi ò fi ojú kan oorun nítorí iṣẹ́ náà. Ẹni tó ta íńkì fún mi ní kò sí ohun tó ṣe íńkì òun. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe náà ní kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní kí ẹ̀rọ náà fọ orí ara rẹ̀, ìyẹn ibi tí àwọn ihò tín-ín-rín tí íńkì ń gbà jáde wà, kí ẹ sì tẹ ìwé àyẹ̀wò ihò lẹ́yìn rẹ̀. Bí ihò bá dí, ìfọ̀ ló ń ṣí i.

Ògbójú:
Ẹ ti sọ bí oníbàárà ṣe bú yín, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ irú íńkì tí ẹ ń lò, ẹ kò sọ bí yàrá yín ṣe ń tutù tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò sọ ibi tí táǹkì íńkì wà. Báwo ni kí a ṣe ràn yín lọ́wọ́?

Àrẹ̀mú Atẹ̀wé:
Ẹ má bínú, ọ̀gá. Íńkì tí a fi lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ ṣe ni, n kì í sì í ra íńkì tí kò dára. Yàrá mi máa ń tutù gan-an lóru, á sì móoru lọ́sàn-án. Ní ti ìfọ̀, mo ti fọ̀ ọ́ títí, íńkì tí mo fi ṣòfò lórí rẹ̀ kò kéré.

Adéoyè:
Ọ̀rọ̀ òtútù yẹn ló ṣe pàtàkì. Gbogbo íńkì ló ń ki sí i bí ó bá ti ń tutù. Omi lásán pàápàá, nǹkan bí 1.3 millipascal-second (òṣùwọ̀n kíki nǹkan olómi) ni kíki rẹ̀ nígbà tí ooru rẹ̀ bá jẹ́ 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tó bá sì dé 30, á ti dín kù sí nǹkan bí 0.8. Íńkì tí wọ́n fi glycerol sí, kí ó má baà tètè gbẹ lẹ́nu ihò, máa ń yàtọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára tí ẹ̀rọ fi ń ta ẹ̀kán íńkì jáde kò mọ̀ pé íńkì ti ki. Nítorí náà ẹ̀kán á kéré, tàbí kó má jáde rárá.

Ṣadé Aláwòrán:
Bí ó bá ki, ṣé kò ní rọrùn kí wọ́n bu omi mímọ́ díẹ̀ sí i? Èmi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ògbójú:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ẹlòmíràn ní èyí. Omi yóò dín èròjà tó ń jẹ́ kí lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ léfòó kù, yóò sì dín èyí tí kì í jẹ́ kí ihò gbẹ kù pẹ̀lú. Íńkì á ṣàn lónìí, lẹ́búlẹ́bú á sì kó jọ dí asẹ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Ṣadé Aláwòrán:
Kò tíì dí tèmi, ọ̀gá.

Akin Oníṣọ̀nà:
Íńkì funfun ló fojú mi rí nǹkan ní tèmi. Lẹ́búlẹ́bú titanium dioxide inú rẹ̀ wúwo, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì bí a kò bá rò ó déédéé. Mo ti ń dá orí ẹ̀rọ lẹ́bi kí n tó mọ̀ pé omi òkè nìkan ni mo ń fi tẹ̀wé.

Àrẹ̀mú Atẹ̀wé:
Mo máa ń mi tèmi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òtútù ló fà á, kí ló ń mú kí ó máa kán lọ́sàn-án? Àti pé mo ti wá nǹkan ṣe sí ti àárọ̀: mo gbé àwọn táǹkì sórí pẹpẹ tó ga ju ẹ̀rọ lọ, kí íńkì lè rí agbára sọ̀ kalẹ̀. Ó sì ṣiṣẹ́, nítorí ìlà funfun náà dín kù.

Adéoyè:
Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ohun tó sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tí ojú íńkì inú táǹkì fi ga ju orí ẹ̀rọ lọ ń fi agbára nǹkan bí 100 pascal (òṣùwọ̀n agbára ìtì) ti íńkì síta. Ó yẹ kí íńkì fà sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́nu ihò, kí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọnú, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi ta á. Bí táǹkì bá ga jù, íńkì á yọ síta, á tàn ká ojú orí ẹ̀rọ, ẹ̀kán tó bá jáde á ṣìnà, èyí tó kù á sì máa kán. Ó ń le lọ́sàn-án nítorí pé ooru ti mú kí íńkì ṣàn.

Àrẹ̀mú Atẹ̀wé:
Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e sọ̀ kalẹ̀, ìlà funfun á padà wá.

Adéoyè:
Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ síbi tí wọ́n ṣe é fún, kí ojú íńkì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ orí ẹ̀rọ díẹ̀. Ẹ mú yàrá àti íńkì móoru kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ojú ìwé kan tí àwọ̀ kan ṣoṣo kún. Bí ìlà bá já láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì wà lójú kan náà, ihò ló dí. Bí àwọ̀ bá kún ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó wá ń ṣá bí ìwé ṣe ń lọ, íńkì kò tètè dé orí ẹ̀rọ nìyẹn: dámpà (àpò kékeré tí íńkì ń gbà kọjá kí ó tó wọ orí ẹ̀rọ), asẹ́ tàbí afẹ́fẹ́ inú rọ́bà tí íńkì ń gbà wá láti táǹkì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ìyá Ìbejì:
Kí ẹ sì fọ orí ẹ̀rọ náà lẹ́yìn rẹ̀ o.

Àrẹ̀mú Atẹ̀wé:
Mo ti gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, mo sì mú yàrá móoru. Kíkán náà ti dáwọ́ dúró, búlúù sì kún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Dúdú nìkan ló bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó sì ṣá láàárín ìwé.

Ògbójú:
A jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dámpà dúdú. Ẹ pààrọ̀ ìyẹn nìkan, ẹ má fọwọ́ kan àwọn tó kù. Ẹ fi síríǹjì fa íńkì wá díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán nínú rọ́bà, nítorí bí ẹ bá fà á kíákíá, ìfófòó á tún wọlé.