Ìlù elégbè ni, kì í ṣe ìlù pàkúté

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti ọjọ́ Ajé lórí orúkọ tó yẹ ká fún ìlù òyìnbó tó ní wáyà nídìí, tí à ń pè ní snare. Ẹnìkan mú "ìlù pàkúté" wá. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Oǹdó ní "ìlù oníṣaworo" ló tọ́. Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń lu ìlù náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Inú ìwé atúmọ̀ èdè ni wọ́n ti yọ pàkúté yẹn. Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì ń pe pàkúté ní snare, àmọ́ okùn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Títí dòní, snaar làwọn ará Netherlands ń pe okùn gìtá. Ìfun ẹran ni wọ́n sì fi ń ṣe okùn tí wọ́n ń ta sídìí ìlù yìí látijọ́, kí wáyà irin tó gbapò rẹ̀.

Ti ṣaworo ló ṣòro fún mi láti kọ̀, torí ẹ̀gbọ́n mọ ìlù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ṣaworo lára ìyáàlù: etí awọ ni wọ́n so ó mọ́, bí onílù bá mi ìlù lásán, á dún. Wáyà snare kì í dá dún bẹ́ẹ̀. Ẹ dojú ìlù náà délẹ̀, ẹ ó rí nǹkan bí ogún wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ́ bíi sípíríǹgì, tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n fara ti awọ ìsàlẹ̀. Awọ yẹn fẹ́lẹ́ ju ti òkè lọ dáadáa. Bí igi bá ba awọ òkè, afẹ́fẹ́ inú ìlù á ti awọ ìsàlẹ̀, awọ á ta wáyà nù, wáyà á tún padà wá bá a: ṣààà! Òkè sọ ọ́, ìsàlẹ̀ gbà á.

Kí là ń pe irú iṣẹ́ yìí nínú orin wa? Ẹnìkan á lé, àwọn yòókù á gbè é. "Ìlù elégbè" ni mo mú wá. Awọ òkè á jẹ́ awọ lílé, ti ìsàlẹ̀ á jẹ́ awọ ègbè, wáyà náà á jẹ́ wáyà ègbè. (Ẹni tó ní ká pe wáyà ní ọsán: okùn awọ tó wà lára ìlù gángan ni ọsán, òun ló ń fa awọ méjèèjì. Wáyà yìí kì í fa awọ, ó kàn fara tì í ni.)

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, níbi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin, ọmọdékùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlù ń ráhùn pé àfi kóun fi agbára lù ú kó tó dún. Ó ti fi ìdè tí à ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù fún wáyà títí tí kò fi lè mira. Mo ní, "O ti fún àwọn elégbè lọ́rùn." Kíá ló yé e. Mo ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi èékánná ta awọ òkè láàárín gbùngbùn. Ó kọ́kọ́ ń ṣe kọ̀, kọ̀, bí ẹni ń kan pákó. Nígbà tó yá, èékánná lásán, wáyà ti ń gbè é. Bí a bá tún dẹ̀ ẹ́ jù, ègbè á máa fà lẹ́yìn tí lílé ti parí, bass gìtá á sì máa mú un dún nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lù ú. Ègbè àìpè nìyẹn.

Ẹ wá wò ó bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe ń gbé wa lọ. Wáyà 12 gbè níwọ̀nba, ohùn igi ìlù yọ. Wáyà 42 gbè tó fi bo lílé mọ́lẹ̀. Ìlù fífẹ̀ ínṣì 14 tí ikùn rẹ̀ jìn ní ínṣì 5 máa ń tètè gbè. Bí ikùn bá jìn tó 6½, ohùn á kún, ègbè á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ "ìfèsì" tí wọ́n lò lánàá fún bí wáyà ṣe ń dún tẹ̀ lé igi. Ìbéèrè ló ń gba èsì, lílé ló ń gba ègbè.

"Ibùsùn wáyà" tí ẹnìkan pe ibi tí wáyà ń gbà kọjá létí ìlù náà kò dùn létí mi. Etí igi ìlù ni wọ́n fá díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ní ọ̀kánkán méjì, kí wáyà lè tẹ́jú sára awọ. "Etí fífá" ti tó. Agbẹ́gilére yóò mọ ibi tí à ń wí. Ọwọ́ irin tí a ń rẹ̀ sílẹ̀ kí wáyà lè kúrò lára awọ, mo pè é ní "ọwọ́ ìdákẹ́".

Èyí tí mi ò tíì rí mú ni òrùka irin tó di awọ mú, tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ dè mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Oǹdó, kí làwọn onílù ọ̀dọ̀ yín ń pe òrùka tí wọ́n ká awọ mọ́ kí wọ́n tó fi bo igi?